Ohun tí Ẹ̀rọ Mọ̀ tí Kò Sọ

Orúkọ kan ti kúrò lójú àwa tó ń kọ PHP, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí kò sì ní mọ̀ pé ó wà rí. T_PAAMAYIM_NEKUDOTAYIM ni orúkọ náà. Bí èèyàn bá fi àmì `::` sí ibi tí kò yẹ, orúkọ yìí ni yóò yọ sí i lójú kọ̀ǹpútà. Èdè Hébérù ni, nítorí ọmọ Ísírẹ́lì ni Zeev Suraski àti Andi Gutmans tí wọ́n tún parser PHP, ìyẹn apá tó ń ka kóòdù tí a kọ, kọ ní ọdún 1997. Àmì méjì tó tẹ̀lé ara wọn yẹn ni orúkọ náà dúró fún nínú ìwé tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ, ìwé ẹ̀rọ yẹn náà sì ni wọ́n ń kà sí wa létí. Nígbà tí PHP 8 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tó ń sọ báyìí ni `unexpected token "::"`. Àmì tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ nìkan ló ń rí padà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbé ètò ìṣirò kan tí mo ti kọ tipẹ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lọ sórí PHP tuntun. Bí ìròyìn àṣìṣe ṣe ń jáde ní mímọ́ gaara, ọkàn mi lọ sí Agbowó ní Ìbàdàn. Mo dárúkọ Hébérù yẹn fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àlàyé náà kò sì tán títí a fi pa kọ̀ǹpútà.

Ní ìgbà tí mo ń rántí yìí, kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ni ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n pọ̀ jọjọ ní Agbowó, lójú títì tó kọjú sí ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn. Tíkẹ́ẹ̀tì òru la máa ń rà nítorí ó dínwó. Ọ̀gá kafé á ti ilẹ̀kùn irin mọ́ wa, ó di àárọ̀. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí òkè òkun wà níbẹ̀, àwọn tó ń wo èsì ìdánwò wà níbẹ̀, àwa díẹ̀ tó ń kọ kóòdù á sì ko ara wa jọ sí igun. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, ooru àwọn kọ̀ǹpútà onídìí gbàǹgbà ń fẹ́ sí wa lójú, òórùn pẹtiróòlù àti ti búrẹ́dì tí ẹnì kan gbé wá á dà pọ̀. Lẹ́tà ti pa rẹ́ lára kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnì sẹmikólọ̀nù ara èyí tí mo sábà máa ń lò kì í gbà àfi téèyàn bá kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sẹmikólọ̀nù ni PHP fi ń mọ̀ pé gbólóhùn ti parí.

Ẹ wo ìlà méjì yìí:

`echo "Ẹ káàbọ̀"`
`echo $oruko;`

Sẹmikólọ̀nù kò sí níparí ìlà àkọ́kọ́. Ìlà kejì ni ẹ̀rọ máa dárúkọ: `unexpected T_ECHO, expecting ',' or ';'`. A ó tẹjú mọ́ ìlà kejì. A ó ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó pa á rẹ́, a ó tún un tẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ìlà kejì. Ẹ̀rọ kò purọ́ o, nítorí pé kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé ohun kan sọnù ní ìlà àkọ́kọ́ àfi ìgbà tó dé orí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Gbólóhùn ṣì lè máa bá a lọ lórí ìlà kejì lójú tirẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ló yẹ ká wò, ọmọdé sì ni gbogbo wa nídìí iṣẹ́ náà.

Èyí tó le jù lọ ni ti àkámọ́. Téèyàn bá ṣí `{` tí kò pa á dé, ẹ̀rọ á ka gbogbo fáìlì tán kó tó mọ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn, tó sábà máa ń jẹ́ ìlà òfìfo, ni yóò tọ́ka sí, tí yóò ní: `unexpected $end`. Nínú PHP, àmì `$` la fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo ohun tí a bá fi nǹkan pamọ́ sí. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn, rí `$end` yìí, ó sì gbà pé òun ti kọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ibì kan. Ó wá a nínú fáìlì rẹ̀ títí oorun fi gbé àwa yòókù lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ tẹ gbogbo kóòdù náà jáde sórí bébà ní ilé ìtẹ̀wé, ó ń fi báírò pupa so àkámọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìkejì rẹ̀. Kò sí `$end` kankan nínú ohun tó kọ. Orúkọ tí Bison, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe parser PHP, ń pe òpin fáìlì ni. PHP 5.4 ní ọdún 2012 ni wọ́n tó yí i sí `unexpected end of file`. Ó ti pẹ́ kí ìyẹn tó dé tí ọ̀rẹ́ wa ti padà sídìí àdìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju òun lọ ni Ọlọ́run dá kọ̀ǹpútà fún. Èyí ń dùn mí títí dòní, nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára ju tèmi lọ, ohun tí ẹ̀rọ sì sọ fún un kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní àwọn ọdún 1970, Stephen C. Johnson ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Yacc. Èèyàn á kọ òfin gírámà èdè tó fẹ́ sílẹ̀, Yacc á sì sọ òfin náà di parser fúnra rẹ̀. Bison tó jẹ́ ti àwọn GNU tẹ̀ lé e. Ohun tí irinṣẹ́ yìí ń bí jẹ́ àtẹ nọ́ńbà gbọọrọ kan. Bí parser bá ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ni yóò máa to ipò tó wà léra bí ẹni to àwo, yóò sì máa wo inú àtẹ láti mọ ohun tó kàn. Bí ó bá dé ibi tí àtẹ kò ní ìdáhùn fún ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, àṣìṣe dé nìyẹn.

Ibi tó ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní àkókò yẹn gan-an, parser mọ nǹkan púpọ̀. Ó mọ àkámọ́ tó ṣí tí wọn kò tíì pa dé, torí ó wà nínú àwọn ipò tó tò léra. Ó mọ irú gbólóhùn tó wà láàárín rẹ̀. Ó lè wo àtẹ, kó mọ ohun tí òun ì bá gbà. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un láti sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ `yyerror`, okùn lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí olùkọ̀wé èdè náà kò bá ṣe nǹkan kan kún un, ohun tí a ó gbọ́ kò ju `syntax error` lọ. Gbogbo ìmọ̀ yòókù á ṣègbé.

Bison wá fi àyè sílẹ̀ fún ìròyìn tó gùn díẹ̀, òun ni PHP ń lò: ohun tí mi ò retí rèé, ohun tí mo ń retí nìyí. Síbẹ̀ òté wà níbẹ̀. Bí ohun tó ń retí bá ju mẹ́rin lọ, kò ní dárúkọ ìkankan. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn fi ń sọ `expecting` lónìí tí kì í sọ ọ́ lọ́la, tí a fi rò pé ìṣesí ẹ̀rọ ló yí padà. Èyí tó tún burú ni pé ohun tó dárúkọ kì í fi gbogbo ìgbà pé. Kí àtẹ má bàa tóbi jù, Bison máa ń jẹ́ kí parser ṣe ìpinnu nípa ohun tó ti kà kó tó wo ọ̀rọ̀ tó kàn rárá. Bó bá wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, ó ti kúrò níbi tí àṣàyàn pọ̀ sí. Bí mo bá kọ `echo "Ẹ káàbọ̀ " $oruko;`, ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun ń retí kọ́mà tàbí sẹmikólọ̀nù. Àmì tó yẹ, `.` tó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, èyí tí gbogbo wa máa ń gbàgbé, kò sí nínú ohun tó kà. Àwa náà á fi sẹmikólọ̀nù síbẹ̀ nítorí ẹ̀rọ ló ní ká fi í, àṣìṣe á lọ, orúkọ èèyàn kò sì ní jáde lójú wẹ́ẹ̀bù. A ó tún máa wá ìyẹn títí.

MySQL tí a ń lò pẹ̀lú PHP náà kò yàtọ̀, Bison ni òun náà. Ó máa ń ní ká lọ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà fún ohun tó yẹ ká kọ nítòsí `''`. Nítòsí òfo. Òpin ìbéèrè ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo di ẹni tó ń kọ gírámà fúnra mi ni ojú mi là sí ìhà kejì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń yí òfin èlé wọn padà léraléra. Wọ́n fẹ́ kí akápò lè kọ òfin náà sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, láìpe ẹnikẹ́ni. Mo fi Bison ṣe èdè kékeré kan fún un, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá: `bí`, `nígbà náà`, `òpin`. Màmá tó jẹ́ akápò jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ó gbé jígí wọ̀, ó tẹ òfin rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gbàgbé àkámọ́ kan. `syntax error` yọ. Màmá yọ jígí, ó wò mí. "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún un?"

Mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún un. Àkámọ́ kan ló kù."

Ó ní, "Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ó mọ̀.

"Kí ló wá dé tí kò sọ ọ́?"

Mo ti rí ìbéèrè tó gùn ju ìyẹn lọ nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, tí kò sì mú tó o.

Mo pinnu pé ẹ̀rọ náà máa bá màmá sọ Yorùbá. Mo fún àwọn ọ̀rọ̀ inú gírámà ní orúkọ tí màmá mọ̀, kí ìròyìn lè máa ní òun ń retí "òpin". Bison ìgbà náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ohùn. Ohun tó jáde ni `\303\262pin`. Lẹ́tà `ò` ti fọ́ sí nọ́ńbà méjì. Mo bọ́ àmì kúrò, ó di `opin`. Màmá kò pariwo. Ó gba bébà tí mo tẹ̀ jáde, ó mú báírò, ó fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ó dá a padà fún mi gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọmọ iléèwé tí a ti máàkì.

Ọ̀nà tó kù ni kí n fi àṣìṣe sínú gírámà fúnra rẹ̀. Yacc ti pèsè ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, `error` ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá kọ ọ́ sínú òfin kan, parser tó bá kọsẹ̀ á tú àwọn ipò rẹ̀ palẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí òfin náà ti bá a mu, á da ọ̀rọ̀ tí kò wúlò nù, á sì tún gbéra. Kò ní ké àṣìṣe mìíràn síta àfi tó bá ti gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọlé láìkọsẹ̀, kí àṣìṣe kan má bàa bí ogún. Ọgbọ́n gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ro ó. Àmọ́ òfin àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi kún un ló ń da gírámà tó dára láàmú. Irinṣẹ́ náà á ní òfin méjì ń jà. Mo máa ń yọ ọ̀kan kí òmíràn lè dúró. Ìròyìn tó wúlò fún màmá kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n "àkámọ́ tí ẹ ṣí kò tíì padé" wà nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti ń kúrò nídìí irú irinṣẹ́ yìí nígbà náà. GCC, tó ń túmọ̀ kóòdù fún ẹ̀rọ, yọ Bison kúrò nídìí èdè C++ ní ọdún 2004, wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí C ní 2006, wọ́n fọwọ́ kọ parser wọn. Èdè Go ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Wọ́n ń sọ pé parser tí ẹ̀rọ bá bí kò lè mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mi ò sì gbà á báyìí. Ní 2003, Clinton Jeffery ti fi ọ̀nà kan hàn: kọ àpẹẹrẹ àṣìṣe sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tó o fẹ́ kí wọ́n fi dáhùn, jẹ́ kí irinṣẹ́ sá parser lórí àpẹẹrẹ náà, kó wo ipò tó wà nígbà tó kọsẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó kọsẹ̀ lé, kó so gbólóhùn rẹ mọ́ méjèèjì. Ipò àti ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni `yyerror` ń gbé sọnù. Russ Cox lo ọgbọ́n yìí fún Go nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí Yacc.

Ọdún 2020 ni ilẹ̀kùn ṣí gan-an. Bison 3.6 jẹ́ kí ẹni tó ni gírámà gba ipò àṣìṣe náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, kó béèrè ohun tí parser ń retí, kó sọ ọ́ bó ṣe wù ú, ní èdè tó wù ú. Ọdún kan náà ni èdè Python 3.9 gba parser tuntun, èyí tí irinṣẹ́ ṣì ń bí láti inú gírámà. Nínú gírámà rẹ̀, wọ́n ya àwọn òfin kan sọ́tọ̀ fún àṣìṣe, orúkọ gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `invalid_`. Parser kò ní wo àwọn yẹn nígbà tó bá kọ́kọ́ ka kóòdù. Ìgbà tí kóòdù bá kùnà ni yóò padà kà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú wọn. Báyìí, òfin àṣìṣe kò da òfin tó dára láàmú mọ́. Ìjà tó ń jẹ mí lóru, ẹnì kan ti là á. Ní 2021, Python 3.10 bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọmọdé pé `'(' was never closed`, ó sì ń tọ́ka sí ibi tí àkámọ́ náà ti ṣí. Ohun tí ọ̀rẹ́ wa fi báírò pupa wá nìyẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sí ti àtijọ́. Àwọn tó sọ pé ìyà yẹn ló sọ wá di akọni, àwọn tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń kà. Ẹ kò rí àwọn tó lọ.

Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ìròyìn àtijọ́ tí mi ò fẹ́ kó sọnù. `unexpected` jẹ́ ẹ̀rí: ohun tí mo rí nìyí, mi ò retí rẹ̀. Ìròyìn tuntun a máa dá ẹjọ́. Python 3.10 náà ló ń sọ `Perhaps you forgot a comma?`. Ó máa ń tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá tọ̀nà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á fi kọ́mà síbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ló sọ ọ́, bí àwa náà ṣe fi sẹmikólọ̀nù sí ibi tí `.` yẹ kó wà. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í dé ìlà tó ṣáájú. Ìgbà tiwa, tipátipá la fi ń ka ìlà tó ṣáájú, torí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe.

Nínú ètò alájẹṣẹ́kù tí mo ń tún kọ, mo ti pa okùn lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn tì. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jáde gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tó ní ẹ̀ka tirẹ̀: ọ̀rọ̀ tí parser rí, ìlà àti ibi tó wà, ohun tó ń retí, ibi tí ohun tí kò tíì parí ti bẹ̀rẹ̀. Àbá wà lọ́tọ̀, "bóyá" ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó ní àmì ohùn pé pérépéré.

Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣì ń jiyàn lórí ohun tí parser ń retí. Òun fẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ hàn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ogún, kó má di pé a tún fi nǹkan pamọ́ fún èèyàn. Mo ní akápò tí a bá kó ogún àmì jọ síwájú rẹ̀ kò ní ka ìkankan. Ká kó wọn sí ọ̀wọ́, ká ní "nọ́ńbà tàbí orúkọ", ká jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa pín ọ̀wọ́ náà?" A ti gbà pé akápò tuntun ni, nítorí òun ló ń lò ó. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú rẹ̀.